Ìgbì Òòfà Ojú Ọ̀run àti Ọ̀ràn Ẹlẹ́rìí

Ìbéèrè kan wà tí àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ wa ń rù kiri, tí àwọn ọ̀dọ́ inú ìjọ pẹ̀lú sì ń bi ara wọn ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, èyí tí í ṣe pé: Bí ẹnìkan bá wí pé òun ti rí ohun tí èmi kò rí, tí èmi kò sì ní ọ̀nà láti fi rí i, kí ni yóò mú kí n gbà á gbọ́? Ìbéèrè náà kì í ṣe tuntun. Àwọn baba wa a máa bi í ní ààfin nígbà tí a bá ń ṣe ẹjọ́ ilẹ̀. Tómásì àpọ́sítélì bi í ní Jerúsálẹ́mù, a kò sì lé e kúrò nínú ẹgbẹ́ nítorí rẹ̀. Láìpẹ́ yìí olùkọ́ kan bi mí pé, kí ni ìyàtọ̀ láàárín amòye tí ó wí pé ihò dúdú méjì kọlu ara wọn ní òpin ojú ọ̀run, àti ará ìjọ tí ó wí pé áńgẹ́lì bá òun sọ̀rọ̀ ní òru àná? Ó ní ẹnìkẹ́ni nínú wa kò sí níbẹ̀ ní ìgbà méjèèjì. Mo rò pé ó yẹ kí a dá a lóhùn ní kíkún, kí a má sì fi ẹ̀rín bo ìbéèrè náà mọ́lẹ̀, nítorí ìdáhùn rẹ̀ kan ara àwa tí a ń dúró níwájú ìjọ ju bí ó ti kan àwọn amòye lọ.

Ṣùgbọ́n kí n tó wí ohunkóhun nípa ẹlẹ́rìí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí wí pé àwọn rí, kí ẹni tí kò kọ́ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì má baà rò pé èdè àjèjì ni a fi ń dẹ́rù ba òun.

Òòfà ni agbára tí ń mú ọsàn tí ó já lára igi wá sí ilẹ̀, tí kò sì jẹ́ kí òṣùpá sá kúrò lọ́dọ̀ ayé. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1915, Albert Einstein, ẹni tí ń ṣiṣẹ́ ní Berlin nígbà náà, fi hàn pé òòfà kì í ṣe okùn tí ohun kan fi ń fa èkejì. Àyè gan-an tí ohun gbogbo wà nínú rẹ̀ ni ó ń tẹ̀ nítorí ìwúwo wọn. Ẹ ro aṣọ kan tí ènìyàn mẹ́rin dì mú gírígírí ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí a bá gbé àgbọn lé àárín rẹ̀, aṣọ náà yóò rì níbẹ̀. Bí a bá sì fi ọsàn wẹ́wẹ́ sí etí rẹ̀, yóò yí lọ sí ọ̀dọ̀ àgbọn, kì í ṣe nítorí pé àgbọn nawọ́ fà á, bí kò ṣe nítorí pé ọ̀nà tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ni ó dagun sí ibẹ̀. Ní ọdún 1916 Einstein fi kún un pé, bí ohun méjì tí ó wúwo gidigidi bá ń yí ara wọn ká kíákíá, aṣọ náà yóò mì, ìmìtìtì náà yóò sì máa tàn lọ bí ìgbì omi tí a ju òkúta sí, pẹ̀lú ìyára ìmọ́lẹ̀, èyí tí í ṣe nǹkan bí 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ibi tí ìgbì náà bá gbà kọjá, ohun gbogbo níbẹ̀ yóò nà díẹ̀ sí ìhà kan, yóò sì súnkì díẹ̀ ní ìhà kejì. Èyí ni a ń pè ní ìgbì òòfà.

Ihò dúdú ní tirẹ̀ ni ibi tí ohun púpọ̀ ti kó jọ sí àyè tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ pàápàá kò lè bọ́ lọ́wọ́ òòfà rẹ̀. A kò lè rí i bí a ti ń rí ìràwọ̀. Bí irú méjì bẹ́ẹ̀ bá kọlu ara wọn nínú òkùnkùn, ìgbì òòfà nìkan ni ó lè mú ìròyìn rẹ̀ wá.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé Einstein wí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán, tí ayé sì wólẹ̀ fún un. Òun tìkára rẹ̀ ṣiyèméjì. Ní ọdún 1936 òun àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Nathan Rosen kọ ìwé pé ìgbì òòfà kò sí rárá, wọ́n sì fi í ránṣẹ́ sí ìwé àtìgbàdégbà àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà. Olóòtú ìwé náà gbé e fún onímọ̀ míràn kí ó yẹ̀ ẹ́ wò, onímọ̀ náà sì rí àṣìṣe nínú rẹ̀. Inú bí Einstein. Ó gba ìwé rẹ̀ padà, ó sì mú un lọ sí ibòmíràn. Ṣùgbọ́n kí a tó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó ti rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò lè dúró, ó sì yí i padà. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí púpọ̀. Ọkùnrin tí òkìkí rẹ̀ kàn ká gbogbo ayé ni wọ́n yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò bí a ti ń yẹ ìwé ìdánwò ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wò, àyẹ̀wò náà ni ó sì tọ̀nà, kì í ṣe òkìkí náà.

Ẹni àkọ́kọ́ tí ó jáde láti wí pé òun ti gbọ́ ìgbì náà ni Joseph Weber, ti ilé-ẹ̀kọ́ gíga Maryland ní Amẹ́ríkà. Ó fi irin alumíníọ̀mù ńlá ṣe ọ̀pá, ó so ó rọ̀, ó sì ń retí pé bí ìgbì bá kọjá, ọ̀pá náà yóò dún bí agogo tí a fi ọwọ́ kàn jẹ́jẹ́. Ní ọdún 1969 ó kéde pé ọ̀pá òun ti dún, àti pé èkejì rẹ̀ tí ó wà ní ẹ̀bá Chicago dún pẹ̀lú rẹ̀. Ayọ̀ ṣubú lu ayọ̀. Àwọn mìíràn ní Amẹ́ríkà àti ní Yúróòpù ṣe ọ̀pá tiwọn, àwọn kan ṣe èyí tí ó dára ju tirẹ̀ lọ, wọ́n sì tẹ́tí sílẹ̀. Wọn kò gbọ́ nǹkan kan. Weber kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà títí ó fi kú ní ọdún 2000. Ǹjẹ́ a ó ha pè é ní ẹlẹ́rìí èké bí? Èmi kò lè pè é bẹ́ẹ̀. Òfin kẹsàn-án kò dá ẹni tí etí rẹ̀ tàn án lẹ́bi pẹ̀lú ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ purọ́. Bí kò bá sì jẹ́ ti ìpè rẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tí ó wá kẹ́yìn ì bá má ti dìde. Nígbà tí a sì kéde ìgbì náà ní òtítọ́, a rí opó rẹ̀, Virginia Trimble, tí òun pẹ̀lú jẹ́ onímọ̀ ìràwọ̀, láàárín àwọn tí ó jókòó níbẹ̀. Síbẹ̀ a kò lè kọ́lé lórí ẹ̀rí Weber, nítorí òun nìkan ni ó ń gbọ́ ohun tí ó ń gbọ́.

Ẹ̀rí tí ó sàn jù wá ní ìdákẹ́jẹ́. Ní ọdún 1974 Russell Hulse àti Joseph Taylor rí ìràwọ̀ méjì tí ń yí ara wọn ká. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, àwọn méjèèjì ń súnmọ́ ara wọn ní ìwọ̀n gan-an tí ìṣirò Einstein fi lélẹ̀, bí ẹni pé ìgbì òòfà ń kó agbára wọn lọ. A fi ẹ̀bùn Nobel dá wọn lọ́lá ní ọdún 1993. Wọn kò wí pé àwọn gbọ́ ìgbì. Wọ́n wí pé àwọn rí ibi tí ó gbà kọjá.

Kí n fo ọdún púpọ̀ kọjá kí n sì sọ ti ìtìjú kan, nítorí ìtìjú a máa kọ́ni ju ògo lọ. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta ọdún 2014, àwọn onímọ̀ tí ó ni awò kan tí ń jẹ́ BICEP2 ní òpin gúúsù ayé pe àwọn oníwèé ìròyìn jọ sí Harvard. Wọ́n kéde pé àwọn ti rí àpá tí ìgbì òòfà fi sílẹ̀ lára ìmọ́lẹ̀ tí ó gbó jù lọ, láti ìgbà tí àgbáyé ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìwé wọn kò tíì jáde lọ́wọ́ àwọn olùyẹ̀wò nígbà tí wọ́n kéde. A ya àwòrán ibi tí wọ́n gbé wáìnì lọ sí ilé àgbà onímọ̀ kan láti sọ fún un pé ohun tí ó fojú sùn láti ọjọ́ pípẹ́ ti ṣẹ, gbogbo ayé sì wò ó. Àwọn Kristẹni kan pàápàá sáré mú un gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí ìṣẹ̀dá. Kò tó ọdún kan lẹ́yìn náà tí òtítọ́ fi jáde. Sátẹ́láìtì Planck ti àwọn ará Yúróòpù ti wo ojú ọ̀run káàkiri, ó sì fi hàn pé eruku inú ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tiwa níhìn-ín lè ya irú àpá kan náà. Nígbà tí ẹgbẹ́ méjèèjì jókòó pọ̀ tí wọ́n sì da ìwé wọn pọ̀, ní ìparí oṣù kìíní ọdún 2015, wọ́n jọ jẹ́wọ́ pé eruku ni púpọ̀ nínú ohun tí a rí, kò sì sí ẹ̀rí tí ó dájú fún ìgbì náà níbẹ̀. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò purọ́. Wọ́n fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ òtítọ́, ìfẹ́ náà sì bá wọn ka ìwé wọn.

Wàyí o, mo dé ọ̀dọ̀ àwọn tí mo fẹ́ kí a kíyèsí gan-an. Ẹ̀rọ wọn ni a ń pè ní LIGO. Méjì ni, wọ́n jọra bí ìbejì: ọ̀kan wà ní Hanford, ní ìpínlẹ̀ Washington, ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, èkejì wà ní Livingston, ní ìpínlẹ̀ Louisiana, ní gúúsù. Ó tó nǹkan bí 3,000 kìlómítà láàárín wọn. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní apá méjì tí a tẹ́ bí igun ilé, apá kọ̀ọ̀kan sì gùn ní kìlómítà 4. A pín ìmọ́lẹ̀ lésà sí méjì, a rán an sínú apá méjèèjì, ó kan dígí ní òpin, ó sì padà wá. Bí apá méjèèjì bá gùn bákan náà, ìmọ́lẹ̀ kan yóò pa èkejì rẹ́ níbi tí wọ́n ti pàdé. Bí ìgbì bá na ọ̀kan tí ó sì súnkì èkejì, ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ yóò yọ. Ìyàtọ̀ tí wọ́n ń wá nínú gígùn kìlómítà 4 náà kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ prótọ́ọ̀nù, prótọ́ọ̀nù sì nìyí, inú átọ́ọ̀mù ni ó ń gbé, níbi tí ojú kankan kò lè dé. Ọkọ̀ akẹ́rù tí ń kọjá, ẹ̀fúùfù, omi òkun tí ń lu etíkun, ilẹ̀ tí ó mì ní òdìkejì ayé, gbogbo wọn ni ó ń mi ẹ̀rọ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ṣe méjì: ọkọ̀ tí ń kọjá ní Louisiana kò lè mi dígí ní Washington. Òfin Mósè ti mọ èyí tipẹ́, nígbà tí ó kọ̀ láti dá ènìyàn lẹ́bi lórí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo.

Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ yìí kò fọkàn tán ara wọn pàápàá, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wọn sì ti wọ̀ mí lára. Wọ́n fi ẹnu kò pé kí a yan àwọn díẹ̀ tí ó ní àṣẹ láti mi dígí náà ní ìkọ̀kọ̀, kí ó lè dà bí ẹni pé ìgbì ti kọjá, kí àwọn ọgọ́rọ̀ọ̀rún tí ó kù má sì mọ̀ títí wọn yóò fi ṣe iṣẹ́ wọn dé òpin. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹsàn-án ọdún 2010, àmì kan wọlé, ó lágbára, ó sì mọ́. Ó dà bí ẹni pé láti ìhà àwọn ìràwọ̀ tí a ń pè ní Ajá Ńlá ni ó ti wá, nítorí náà wọ́n sọ ọ́ ní orúkọ ajá náà. Wọ́n fi nǹkan bí oṣù mẹ́fà wọn ọ́n, wọ́n ṣe ìṣirò rẹ̀, wọ́n jiyàn lórí rẹ̀, wọ́n sì kọ ìwé rẹ̀ tán bí ẹni tí yóò tẹ̀ ẹ́ ní ọ̀la. Ní oṣù kẹta ọdún 2011 wọ́n péjọ sí Arcadia ní Kalifóníà, a sì tú àṣírí náà. Ọwọ́ ènìyàn ni ó fi í síbẹ̀. Wọ́n padà sílé, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ẹnìkan lè bi mí pé, ǹjẹ́ èyí kì í ṣe irọ́ bí? Ṣé ó tọ́ kí a fi ohun èké síwájú ènìyàn láti dán an wò? Mo rò ó púpọ̀. Ohun tí ó mú kí ó yàtọ̀ sí irọ́ ni pé àwọn tí a dán wò ni ó fi ọwọ́ sí i ṣáájú. Obìnrin alárobọ̀ tí ó bá wí fún ẹnìkejì rẹ̀ pé, “Máa ka owó mi ní ìgbà tí n kò retí,” a kò lè wí pé ẹnìkejì náà fura sí i ní àìdára. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn ọ̀gá nìkan ni ó gbìmọ̀ rẹ̀ láti fi mú àwọn ọmọ iṣẹ́, èmi ì bá pè é ní ìdẹkùn. Nítorí náà n kò ní dámọ̀ràn rẹ̀ fún ìjọ, níbi tí ẹnìkan kò tíì fi ọwọ́ sí irú ìdánwò bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ mo fẹ́ kí a mọ ìdí rẹ̀: wọ́n mọ̀ pé ẹni tí ó ń retí ohun kan gidigidi yóò rí i, bí kò tilẹ̀ sí níbẹ̀.

Wọ́n tún ẹ̀rọ náà ṣe. Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 14 oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, nígbà tí aago tiwa ní Nàìjíríà ń lọ sí mọ́kànlá òwúrọ̀, àmì kan dé Livingston. Kò tó ìdá mẹ́jọ nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan lẹ́yìn náà, ó dé Hanford. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá lọ. Ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀ ni Marco Drago, ará Ítálì tí ń ṣiṣẹ́ ní Hannover ní Jámánì, nígbà tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ fi iṣẹ́ jẹ́ ẹ. Kò hó ìhó ayọ̀. Ó rò pé àwọn alábòójútó tún ti mi dígí ni. Ó bi ẹnìkejì rẹ̀, wọ́n tẹ Livingston láago, wọ́n sì ń béèrè lọ títí ó fi dájú pé kò sí ẹni tí ó fi ọwọ́ kàn án. Wọn kò yí ohunkóhun padà lára ẹ̀rọ náà. Wọ́n kó àkọsílẹ̀ tí ó tó ọjọ́ 16 jọ láti fi wá a bí ariwo lásán bá lè pàdé ní ọ̀nà méjèèjì bẹ́ẹ̀, wọ́n sì rí i pé kò lè ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan nínú 203,000 ọdún. Wọ́n tilẹ̀ yẹ ọ̀nà tí ẹni ibi kan ì bá gbà tan gbogbo wọn jẹ wò. Oṣù márùn-ún ni wọ́n fi pa ẹnu mọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àhesọ ti ń fẹ́ káàkiri. Wọ́n gbé ìwé wọn fún àwọn olùyẹ̀wò. Ní ọjọ́ 11 oṣù kejì ọdún 2016 ni wọ́n tó kéde, ó sì lé ní 1,000 ènìyàn tí ó fi orúkọ sí ìwé náà.

Ohun tí wọ́n wí nìyí: ihò dúdú méjì, ọ̀kan wúwo ní ìlọ́po 36 oòrùn, èkejì ní ìlọ́po 29, wọ́n yí ara wọn ká títí wọ́n fi di ọ̀kan tí ó wúwo ní ìlọ́po 62. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá mọ ìṣirò yóò ti rí i pé 36 àti 29 jẹ́ 65. Ìlọ́po mẹ́ta tí kò sí mọ́ ni ó di agbára ìgbì náà. Nǹkan bí bílíọ̀nù kan àti mílíọ̀nù 300 ọdún ni ó fi rìn kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ó sì kọjá lára èmi àti ìwọ pẹ̀lú ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé náà, ó nà wá, ó súnkì wá, àwa kò sì mọ̀. Ẹ kíyèsí ohun kékeré kan tí àwọn ìwé ìròyìn fò kọjá: ní ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan wọ́n kọ bí iyèméjì wọn ti fẹ̀ tó. Ìlọ́po 36 yẹn, wọ́n ní ó lè tó 41, ó sì lè jẹ́ 32. Mélòó nínú àwa tí a ń jẹ́rìí ní gbangba ni ó ń fi ìwọ̀n iyèméjì sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀?

Lẹ́yìn náà ẹlẹ́rìí irú mìíràn dìde. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ ọdún 2017, ìgbì kan dé láti ara ìràwọ̀ neutron méjì, èyí tí í ṣe òkú ìràwọ̀ ńlá tí ó kó jọ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ju nǹkan bí kìlómítà 20 lọ ní fífẹ̀, tí ó sì wúwo ju oòrùn lọ. Ní ìṣẹ́jú àáyá 1.7 lẹ́yìn náà, sátẹ́láìtì Fermi tí kò mọ nǹkan kan nípa dígí àti lésà rí ìtànṣán gamma tí ó bù yẹ̀rì. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ ní ọ̀dọ̀ wa, àwọn tí ń wo ojú ọ̀run láti orí òkè ní ilẹ̀ Ṣílè ti rí ìmọ́lẹ̀ tuntun nínú ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ kan tí ó jìnnà tó 130 mílíọ̀nù ọdún ìmọ́lẹ̀. Nǹkan bí 70 ibùdó ni ó yí awò wọn sí i. Wọ́n rí àmì pé irú ohun wíwúwo bíi wúrà ń dá níbẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí òrùka tí àlùfáà bù kún fún ọ ní ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìrìn-àjò rẹ̀ láti inú irú iná bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà ìgbì tí a ti gbọ́ ti lé ní 200. Ọ̀kan tí ó dé ní ọjọ́ 14 oṣù kìíní ọdún 2025 mọ́ gaara ju gbogbo wọn lọ. Ó jẹ́ kí a fi ojú wọn ohun tí Stephen Hawking sọ ní ọdún 1971, pé nígbà tí ihò dúdú bá pàdé, gbogbo ojú wọn lápapọ̀ kò lè dín kù. Kí wọ́n tó pàdé, ojú àwọn méjèèjì jẹ́ nǹkan bí 240,000 kìlómítà níbùú lóròó. Lẹ́yìn rẹ̀ ó di nǹkan bí 400,000. Hawking ti kú ní ọdún 2018. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dúró de ẹ̀rí fún ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta.

Ǹjẹ́ kí ni kí n wí fún olùkọ́ tí ó bi mí léèrè? Èmi kò rí dígí Hanford rí, òun náà kò sì rí i. Ẹ̀rí àwọn ẹlòmíràn ni àwa méjèèjì gbà, kí ó má sì ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn òun pé ẹni tí ó kàwé kò nílò ìgbàgbọ́ nínú ọ̀rọ̀ ẹnìkejì. Ìyàtọ̀ kò sí nínú pé ọ̀kan jẹ́ ìgbàgbọ́ tí èkejì sì jẹ́ ìmọ̀. Ó wà nínú ohun tí ẹlẹ́rìí náà ṣe sí ara rẹ̀ kí ó tó la ẹnu. Àwọn wọ̀nyí kọ́kọ́ di ọ̀tá ọ̀rọ̀ ara wọn. Wọ́n wá ọ̀nà gbogbo tí ó fi lè jẹ́ irọ́, nígbà tí wọn kò sì rí ọ̀kan mọ́ ni wọ́n sọ̀rọ̀. Nítorí náà, olùkọ́ tí ó bá dúró níwájú ọmọ kíláàsì tí ó sì wí pé, “Àwọn onímọ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni,” kò tíì kọ́ ọmọ náà ní nǹkan kan. Kí ó sọ ìtàn Weber fún un, kí ó sọ ti eruku, kí ó sọ ti Ajá Ńlá.

Àwọn kan yóò wí pé ọ̀ràn Ọlọ́run kì í ṣe ti ẹ̀rọ. Òtítọ́ ni. Oore-ọ̀fẹ́ tí ó bá ènìyàn ní òru kan kò ní tún ara rẹ̀ ṣe nígbà tí a bá gbé ìwọ̀n lé e, èmi kò sì ní bi opó kan léèrè ẹlẹ́rìí kejì lórí ìtùnú tí ó rí gbà nínú àdúrà. Àpèjúwe mi dé òpin níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi èyí sá pamọ́. Pọ́ọ̀lù, nígbà tí ó ń bá àwọn ará Kọ́ríńtì sọ̀rọ̀ nípa àjíǹde, ka àwọn ẹlẹ́rìí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó mẹ́nu kan àwọn tí ó ju ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lọ, ó sì fi yé wọn pé púpọ̀ nínú wọn ṣì wà láàyè. Kí ni ìwúlò rẹ̀ láti sọ pé wọ́n wà láàyè, bí kò bá ṣe pé ẹni tí ó bá fẹ́ lè lọ bi wọ́n? Lúùkù bẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ̀ pẹ̀lú bí òun ti ṣe ìwádìí. Àwọn ará Bèríà yẹ ọ̀rọ̀ àpọ́sítélì wò, a sì yìn wọ́n. Ìgbàgbọ́ tí a fi lé wa lọ́wọ́ kò bẹ̀rù àyẹ̀wò. Àwa ni ó ń bẹ̀rù rẹ̀ nítorí rẹ̀.

Ìbẹ̀rù náà sì ti ń pa ènìyàn. Ní ìjọ kan tí n kò ní dárúkọ, a gbé ìyá kan dìde ní ọjọ́ ìkórè láti jẹ́rìí pé ẹ̀jẹ̀ ríru òun ti lọ. Ìyá náà kò purọ́. Ara rẹ̀ yá ní tòótọ́, orí kò fọ́ ọ mọ́, ó sì ń sùn dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ríru kì í fi ara rẹ̀ hàn fún ẹni tí ó ń ṣe, ẹ̀rọ tí a ń dè mọ́ apá ni ó ń mọ̀ ọ́n, kò sì sí ẹni tí ó béèrè ohun tí ẹ̀rọ náà wí. Bàbá kan tí ó jókòó ní àga ẹ̀yìn gbọ́ ọ, ó délé, ó sì kó oògùn tirẹ̀ dànù. Kò pé oṣù méjì tí apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ fi rọ. Àwọn tí ó gbé ìyá náà dìde ṣì ń wí pé ìgbàgbọ́ bàbá náà ni kò tó. Ọ̀rọ̀ yìí burú ju àṣìṣe àkọ́kọ́ lọ. Weber gbọ́ ohun tí kò sí, ẹnikẹ́ni kò sì rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀ nítorí rẹ̀. Síbẹ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwa tí ẹ̀mí ènìyàn wà lọ́wọ́ wa kò lè dúró di ọjọ́ Àìkú kejì.

Mo rò pé ohun tí ó ń dà wá láàmú ni pé a pa ohun méjì pọ̀. Ọpẹ́ ni ọ̀kan, ẹ̀rí ni èkejì. Ọpẹ́ ni èyí tí ènìyàn ń bá Ọlọ́run sọ, kò sì yẹ kí a dá ẹnikẹ́ni dúró níbi ọpẹ́. Bí ara rẹ bá yá ní òwúrọ̀, dúpẹ́ ní òwúrọ̀. Ẹ̀rí ni èyí tí a ń bá ènìyàn sọ, kí òun pẹ̀lú lè ṣe ohun kan nítorí rẹ̀, tàbí kí ó jáwọ́ nínú ohun kan. Ẹni tí ó bá ń jẹ́rìí ń fi ọwọ́ lé ara ẹlòmíràn.

Àwọn kan ti wí fún mi pé bí a bá ń béèrè ìwé dókítà, a ó pa iná Ẹ̀mí. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Àwọn adẹ́tẹ̀ tí Olúwa wẹ̀ mọ́, òun tìkára rẹ̀ ni ó rán wọn lọ sí ọ̀dọ̀ àlùfáà, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ í ṣe láti yẹ ara wọn wò. Bí ìyá kan bá wí ní ọjọ́ ìkórè, ní oṣù kọkànlá, pé ara òun ti dá, kí a gba ọrẹ rẹ̀ pẹ̀lú ayọ̀, kí akọ̀wé ìjọ kọ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ náà sínú ìwé, kí a sì sọ fún un ní gbangba pé kí ó má ṣe dá oògùn rẹ̀ dúró. Kí àwọn àgbà méjì tí kì í ṣe ìbátan rẹ̀ bá a lọ sí ilé ìwòsàn ní oṣù Kejìlá, kí wọ́n sì tún bá a lọ nígbà Lẹ́ńtì. Bí ó bá di Àjíǹde tí ẹ̀rọ náà sì ń wí ohun tí ẹnu rẹ̀ ń wí, kí a pè é wá sí iwájú ìjọ, kí káàdì ilé ìwòsàn rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó sì sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.